Títún Jíìpù Àtijọ́ Ṣe fún Ọ̀nà Igbó: Àgbéyẹ̀wò Láti Ìkẹjà dé Agége

Jíìpù àtijọ́ ni ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì lè fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ti ṣe ṣáájú kí kọ̀ǹpútà tó wọ inú ọkọ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Land Rover tí wọ́n ṣe láti 1948 sí 1985, àti Toyota Land Cruiser ti ìdílé 40, tí wọ́n ṣe láti 1960 sí 1984. Iṣẹ́ méjì ló wà lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni títún un ṣe, kí ohun tó ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lè padà sí bó ṣe wà. Èkejì ni yíyí i padà, kí ohun tí kò sí lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè mú un gba ibi tí ọkọ̀ mìíràn kò lè gbà. Iṣẹ́ méjèèjì máa ń wọnú ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Níbi tí wọ́n bá ti fi èkejì ṣáájú èkíní ni owó ti máa ń ṣòfò.

Agbègbè tó wà láàárín Òpópónà Allen ní Ìkẹjà àti Agége rọrùn fún iṣẹ́ yìí. Ọ́fíìsì, báńkì àti ṣọ́ọ̀bù ló kún Allen fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí Ọba Akran, níbi tí ilé-iṣẹ́ ọ̀dà Berger wà, tí Dunlop náà sì ti ń ṣe táyà títí di ọdún 2008. Ní ọ̀nà Agége, ọjà alumíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Aluminium Village wà ní Dọ̀pẹ̀mú. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀yà ara ọkọ̀ á gba Oṣòdì kọjá sí Ládípọ̀ ní Múṣín. Ẹni tó bá ń wá irin pẹlẹbẹ á forí lé Owódé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Mẹkáníìkì, wẹ́dà, pánẹ́ẹ̀lì bítà, ríwáyà, fọkanáísà àti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ léètì gbẹ́ irin ló wà káàkiri àdúgbò láàárín gbogbo ibi wọ̀nyí.

Àwọn ọkọ̀ náà àti bí wọ́n ṣe dé

Ní oṣù kẹrin ọdún 1948 ni ilé-iṣẹ́ Rover ti Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde síta ní ìlú Amsterdam. Ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi ìwọ̀n pín irin fún àwọn ilé-iṣẹ́. Alumíníọ̀mù ni kò wọ́n. Nítorí náà, irin ni wọ́n fi ṣe ṣásí àti ògiri tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnì àti awakọ̀, wọ́n sì fi alumíníọ̀mù ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ara tó kù. Ìpinnu ọdún náà lọ́hùn-ún ló ṣì ń sọ irú iṣẹ́ tí pánẹ́ẹ̀lì bítà Agége máa ṣe lórí ọkọ̀ náà lónìí. Series II jáde ní 1958, Series III sì tẹ̀ lé e ní 1971. Iye ínǹṣì tó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: 88 ni kúkúrú, 109 ni gígùn.

Ní Nàìjíríà, ọkọ̀ iṣẹ́ ìjọba ni Land Rover kọ́kọ́ jẹ́. Òun ni ọlọ́pàá, ológun àti àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn fi ń wọ ibi tí ọ̀dà kò dé. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í to Land Rover pọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Bí irú ọkọ̀ ìjọba bẹ́ẹ̀ bá ti gbó, gbàǹjo ni wọ́n máa ń lù ú. Ẹni tó rà á ní gbàǹjo lè lò ó títí yóò fi kú sẹ́yìn ilé rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó wá ṣí ewéko kúrò lórí rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún.

Ọjọ́ kan wà nínú ìtàn ọkọ̀ ní Nàìjíríà tí ẹni tó ń ra jíìpù àtijọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé: ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Ọjọ́ náà ni orílẹ̀-èdè yìí kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọkọ̀ tó ti wà ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà láti ilé-iṣẹ́. Àwọn tó ṣe Land Rover ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ló máa rà á, wọ́n sì ṣe é kí sítíárìn lè wà ní ọwọ́ èyíkéyìí. Títí dé Series IIA, tó ṣáájú Series III, àárín gbùngbùn ni àwọn géèjì wà, nítorí náà gbígbé sítíárìn sọdá kò da ojú pátákó rú. Ó di ìgbà Series III kí géèjì tó wá síwájú awakọ̀. Tí wọ́n bá rí ọkọ̀ tó ti sọdá bẹ́ẹ̀, ohun àkọ́kọ́ láti yẹ̀ wò ni bí wọ́n ṣe so sítíárìn náà mọ́ ara ọkọ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣe é ló ṣe é dáadáa.

Ti Toyota yàtọ̀. Ọkọ̀ BJ tí wọ́n ṣe ní 1951 ni baba rẹ̀, 1954 ni wọ́n sọ ọ́ ní Land Cruiser, ìdílé 40 sì dé ní 1960. Irin ni gbogbo ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà mẹ́fà tó ń lo pẹtiróòlù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé wá: F tó jẹ́ lítà 3.9, lẹ́yìn náà 2F tó jẹ́ lítà 4.2 láti 1975. Ó lágbára ju Land Rover lọ, ara rẹ̀ sì tètè ń dípẹtà jù ú lọ.

Ṣásí ni ìpìlẹ̀

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nínú iṣẹ́ yìí, ṣásí ni ẹ̀tẹ̀, ọ̀dà tó ṣí ni làpálàpá. Bí àpótí gígùn tí inú rẹ̀ ṣófo ni ṣásí Land Rover rí, inú ni ìpẹtà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ lè dán, ọ̀dà dúdú lè bò ó, kó sì jẹ́ pé bébà lásán ló kù. Ọwọ́ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ lọ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Yóò sùn sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré, yóò sì máa kan ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó dára máa ń dún gan-an, bí agogo. Irin tó ti jẹ máa ń dún gbò, ìdọ̀tí pupa á sì máa já bọ́ sí i lójú. Ibi tó máa ń kàn pẹ́ jù ni apá tó nà jáde láti gbé ara ọkọ̀, ọ̀pá ìdábùú ẹ̀yìn pátápátá, àti ibi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ṣásí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ti ń dúró sí. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń fẹ́ láti ọ̀sà àti òkun Èkó tún ń dá kún un.

Irin tí wọ́n máa fi dí ihò gbọ́dọ̀ nípọn tó mílímítà 2 sí 3, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gé èyí tó jẹrà kúrò títí dé ibi tí irin ti yè. Lílẹ páànù mọ́ orí ìpẹtà kò tún ohunkóhun ṣe, ó kàn fi àrùn pamọ́ ni. Bí wẹ́dà bá fẹ́ jó irin, kí wọ́n yọ wáyà bátìrì kúrò, kí wọ́n sì fi igi tàbí jáákì gbé ṣásí kó tẹ́jú, nítorí irin tó gbóná máa ń fa ara rẹ̀. Ṣásí tó bá wọ́ kò ní jẹ́ kí ilẹ̀kùn pa dé, ọkọ̀ náà kò sì ní lọ tààrà mọ́. Lẹ́yìn jíjó, ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà ló kàn níta, òróró tàbí gíríìsì tó yọ́ sì máa wọ inú àpótí náà.

Ara ọkọ̀

Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n ó ní àrùn tirẹ̀. Níbi tó bá ti fara kan irin tí omi sì wọ àárín wọn, yóò máa di ìyẹ̀fun funfun díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi rọ́bà tàbí ọ̀dà tó nípọn sí àárín wọn nígbà tí wọ́n bá ń tò ó padà.

Pánẹ́ẹ̀lì bítà tó bá fi ọwọ́ irin lu alumíníọ̀mù yóò bà á jẹ́. Bí wọ́n bá ń lù ú, ó ń le sí i, ó sì ń fẹ̀, títí yóò fi la. Iná ni wọ́n fi ń mú un rọ̀. Àmọ́ alumíníọ̀mù kì í pọ́n bí irin kó tó yọ́. Ní nǹkan bí 660 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, yóò kàn ṣàn sílẹ̀ láìkìlọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni láti fi ọṣẹ lásán pa á lára kí wọ́n tó tan iná sí i. Bí àmì ọṣẹ náà bá ti di àwọ̀ ilẹ̀ tó ń lọ sí dúdú, ooru náà tó. Wọ́n á gbé iná kúrò, wọ́n á jẹ́ kó tutù, alumíníọ̀mù náà á sì gbọ́ ti òòlù onígi padà.

Èyí tó bá ti ya kọjá àtúnṣe, wọ́n lè gé tuntun nínú páànù alumíníọ̀mù láti Dọ̀pẹ̀mú, kí wọ́n sì fi ríbẹ́ẹ̀tì kàn án bí ti ilé-iṣẹ́, nítorí ara Land Rover fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pẹlẹbẹ pátá. Iná wẹ́dà ojú títì kò ṣeé fi jó o, wẹ́dà tó ní gáàsì ágọ́nì ló lè ṣe é. Ti Toyota rọrùn níbi iṣẹ́ wẹ́dà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà pọ̀: ilẹ̀ inú ọkọ̀, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti etí àgbá ẹ̀yìn sábà máa ń ti jẹ tán. Lórí ọkọ̀ méjèèjì, pọ́tì díẹ̀ tó láti mú ojú tẹ́jú. Bí pọ́tì bá nípọn, yóò là lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ bá gbọ̀n lórí àpáta.

Ẹ́ńjìnì àti gíà

Ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù lítà 2.25 ti Land Rover kì í ṣe aláriwo, agbára rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. Ohun tó sábà ń pa á ni ooru: rádíétọ̀ tó dí, omi lásán tí wọ́n ń rọ sí i láti ọjọ́ pípẹ́, àti gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó. Léètì lè gbẹ́ sílíńdà rẹ̀ fẹ̀, wọ́n á sì fi písítíìnì àti ríǹgì tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ sí i. Ní Ládípọ̀, ohun tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn ojúlówó àlòkù láti òkè òkun, sábà máa ń sàn ju ayédèrú tuntun lọ.

Ọ̀pọ̀ ló ń ronú láti gbé ẹ́ńjìnì mìíràn sí i. Land Rover ń jẹ bí lítà kan fún kìlómítà 5 tàbí 6, 2F ti Toyota sì lè jẹ jù bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde ìyọkúrò owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ìṣirò yìí ti di ohun tó ń dun àpò gan-an. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì lítà 2.5 tí Land Rover ń pè ní 200Tdi, tó jáde ní 1989, ni wọ́n sábà ń gbé sínú àwọn tó dàgbà jù ú. Ó ń fowó epo pamọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju èyí tí gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ àti ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń yí ẹsẹ̀ ti mọ̀ rí. Ẹni tó bá fi í sí i, tó tún ń tẹ epo bíi ti ọkọ̀ ìsáré, yóò ṣẹ́ ọ̀pá náà sínú igbó.

Lára Land Rover, ọ̀pá mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àwọ̀ ni wọ́n sì fi dá wọn mọ̀. Èyí tó gùn ni gíà gan-an. Èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Èyí tó pupa, bí wọ́n bá fà á sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ dúró, yóò bọ́ sí gíà ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa fà pẹ̀lú agbára bí ìlọ́po méjì, eré á sì dín kù ní ìwọ̀n kan náà. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn yí ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ á yọ̀ díẹ̀, wàhálà á sì tán. Lórí títì ọlọ́dà, ẹsẹ̀ kò lè yọ̀: bí ọkọ̀ bá ti ń yà, ṣáfùtì á máa lọ́ bí okùn, títí nǹkan kan yóò fi ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá ọ̀pá yẹ́lò padà kí ọkọ̀ tó gun títì.

Bíréèkì, sítíárìn àti iná

Bíréèkì alágbá ni gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ti pẹ́ sì ní páìpù kan ṣoṣo fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí páìpù náà bá já níbì kan, bíréèkì lọ pátá nìyẹn. Pípààrọ̀ gbogbo páìpù àti rọ́bà rẹ̀ kì í ṣe àṣàyàn. Fífi ẹ̀rọ tó ń fún ẹsẹ̀ awakọ̀ lágbára kún un, àti pínpín páìpù sí méjì, ni àtúnṣe tó yẹ kó ṣíwájú wíǹsì (ẹ̀rọ tó ń fi wáyà fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀) àti iná òkè. Nínú sítíárìn, àwọn oríkèé tó ń so ọ̀pá mọ́ ẹsẹ̀ ló máa ń jẹ. Bí sítíárìn bá lè yí díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó mira, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti iná, ríwáyà ní láti mọ ọdún ọkọ̀. Lára àwọn Land Rover tó ṣáájú nǹkan bí ọdún 1967, ẹnu pọ́sítíìfù (+) bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, kì í ṣe ẹnu nẹ́gétíìfù (-) bíi ti òde òní. Rédíò tàbí ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n bá so mọ́ ọn láìmọ̀ yóò jó lójú ẹsẹ̀. Pípààrọ̀ gbogbo wáyà, pẹ̀lú fíúsì fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, dín owó kù ju wíwá ibi tí wáyà àádọ́ta ọdún ti bó lọ.

Yíyí i padà fún igbó

Òfin kan ló wà nídìí gbogbo àyípadà: ohun tí wọ́n bá fi kún ibì kan, ibòmíràn ni yóò san owó rẹ̀. Táyà ni àkọ́kọ́, òun náà ló sì ń yí nǹkan padà jù. 6.00-16 ni ti Land Rover kúkúrú, 7.50-16 ni ti gígùn. 235/85R16 ga tó 7.50-16, ó sì rọrùn láti rí. Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop sì ṣíwọ́ ní Ìkẹjà lọ́dún kejì, òkè òkun ni irú táyà bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Táyà tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ á mú gíà wúwo, á máa họ sípíríǹgì bí sítíárìn bá yí tán, géèjì ìsáré á sì máa purọ́.

Gbígbé ọkọ̀ sókè ló tẹ̀ lé e. Ínǹṣì méjì sábà máa ń tó. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ṣáfùtì á dagun, rọ́bà bíréèkì á kúrú, ọkọ̀ á sì fẹ́ dojú dé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Sípíríǹgì àtijọ́ tó ti gan pọ̀ máa ń le bí igi. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ ìpẹtà àárín rẹ̀, kí wọ́n sì fi gíríìsì tò ó padà, ó lè mú ọkọ̀ rọ̀ ju sípíríǹgì tuntun olówó gọbọi lọ. Ojúlówó irin ni sípíríǹgì: òun kan náà ni alágbẹ̀dẹ fi ń rọ àdá.

Bí ẹsẹ̀ kan bá dúró lófuurufú, agbára áàsù, ìyẹn irin tó gbé ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún, á sá lọ síbi tí kò ti sí iṣẹ́, ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ á sì dúró. Ẹ̀rọ tó ń ti àwọn ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ń wo èyí sàn, ṣùgbọ́n ó ń ni ọ̀pá ẹ̀yìn lára. Wíǹsì gbọ́dọ̀ lè fa ìwọ̀n ọkọ̀ àti ààbọ̀ rẹ̀: ọkọ̀ tó wọ tọ́ọ̀nù 2 pẹ̀lú ẹrù nílò wíǹsì tọ́ọ̀nù 3. Ìwọ̀n wíǹsì fúnra rẹ̀ á tẹ sípíríǹgì iwájú.

Fún omi, ọ̀pá ìmí tó ga dé òrùlé kò tó. Áàsù tó ti gbóná, bó bá bọ́ sínú omi tútù, yóò fa omi wọ inú. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn sókè láti ibi ìmí áàsù ló ń dènà rẹ̀. Land Rover ní ihò kan nísàlẹ̀ ilé kílọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dí kí wọ́n tó wọ odò, tí wọ́n sì ń tú u lẹ́yìn rẹ̀ kí òróró lè rí ibi jò sí.

Ilẹ̀ tí ọkọ̀ náà máa tẹ̀

Ilẹ̀ ló yẹ kó sọ àyípadà tí ọkọ̀ nílò. Iyanrìn etíkun láti Lẹ́kì dé Bàdágìrì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú táyà: láti bíi 35 lórí géèjì fọkanáísà wá sí 15 tàbí 18, kí táyà lè tẹ́. Ọ̀nà amọ̀ pupa, bíi ti igbó Ọ̀mọ̀ ní agbègbè J4 ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ń fẹ́ táyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra kó lè máa tu ẹrẹ̀ dànù. Àpáta agbègbè Ìdànrè ń fẹ́ gíà ìsàlẹ̀ àti sùúrù, pẹ̀lú irin tó bo abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀nà gbígbẹ tó lọ sí ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé ní ìhà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kò fẹ́ ju rádíétọ̀ tó dára àti omi mímu tó pọ̀ lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n bá di gbogbo ohun èlò ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé lórí á wúwo débi pé kò ní dára lórí ọ̀kan nínú wọn.

Bó ṣe wà tàbí bó ṣe wù

Àwọn kan gbà pé ọkọ̀ àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é, nítorí pé èyí tó pé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́, iye rẹ̀ sì ń lọ sókè. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ iṣẹ́ ni, ẹni tó ni ín sì ti ń pààrọ̀ nǹkan lára rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. Ọ̀nà àárín ni pé kí gbogbo àyípadà jẹ́ èyí tó ṣeé tú: kí wọ́n fi nọ́ọ̀tì de wíǹsì dípò kí wọ́n jó o mọ́ ṣásí, kí wọ́n sì tọ́jú ohun tí wọ́n bá yọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé mú lọ sígbó, ó sì ṣeé dá padà.

Òfin àti owó

Ìwé ọkọ̀ ṣáájú ọkọ̀. Èyí tí wọ́n rà ní gbàǹjo gbọ́dọ̀ ní ìwé gbàǹjo, nọ́ńbà ṣásí sì gbọ́dọ̀ bá ìwé mu. Wẹ́dà tó bá gé ibi tí nọ́ńbà wà dànù ti da ẹjọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnì tàbí àwọ̀, ìwé náà gbọ́dọ̀ yí padà lọ́dọ̀ àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ àti ọlọ́pàá. Àwọ̀ ológun lára ọkọ̀ aráàlú máa ń fa ìbéèrè lójú ọ̀nà, bó ti wù kó bá ọkọ̀ náà mu tó. Gíláàsì dúdú sì ní òfin tirẹ̀ láti 1991. Kíkó ọkọ̀ tó dàgbà tó báyìí wọlé láti òkè òkun kò bá òfin kọ́sítọ́ọ̀mù mu, nítorí náà èyí tó ti wà nílẹ̀ ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ máa wò.

Ní ti owó, ríra ọkọ̀ ni ó kéré jù. Ṣásí àti ara ń gba ọjọ́, ẹ́ńjìnì ń gba owó ẹ̀yà ara, èyí tó ń gbéra pẹ̀lú iye dọ́là. Ẹni tó bá pín iṣẹ́ sí ìpele, tó parí ṣásí, bíréèkì àti sítíárìn kó tó ra wíǹsì, lè dúró níbikíbi tí owó bá ti tán, kó sì ní ọkọ̀ tó ń rìn.

Iṣẹ́ kò parí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá jáde láti ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn ìrìn-àjò igbó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi omi fọ ẹrẹ̀ kúrò nínú ṣásí àti ẹ̀yìn àgbá bíréèkì, wọ́n á fún àwọn oríkèé ní gíríìsì, wọ́n á sì tú nọ́ọ̀tì áàsù díẹ̀ wò. Bí òróró ibẹ̀ bá funfun bí ògì, omi ti wọ ọ́, ó sì di dandan láti dà á nù kí wọ́n tó tún gbé ọkọ̀ náà jáde.